Ìka Mẹ́fà Lórí Àwòrán Ayé

Mínísítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú kò gbà pé ohunkóhun wà láyé tó jìnnà. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ní ọjà jìnnà, á ní kò jìnnà. Bí awakọ̀ rẹ̀ bá ní epo inú mọ́tò ò lè gbé wọn dé ìlú kejì, á ní kó máa lọ, kò jìnnà. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì tí wọ́n ti ti mọ́tò ìjọba náà dé ilé epo, tí òun jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, tó ń ka ìwé ìròyìn. Bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe di orúkọ mọ́ ọn lára nìyẹn. Lójú rẹ̀, "Ọlọ́lá Jùlọ" ni wọ́n ń pè é. Bó bá ti kẹ́yìn sí wọn báyìí, "Kò-jìnnà" ni.

Ẹ má rò pé òmùgọ̀ ni o. Ó kàwé dáadáa. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wà lára ògiri ọ́fíìsì, gíláàsì bo gbogbo wọn, wọ́n sì ń nù wọ́n láràárọ̀. Ohun tó ń ṣe é kò ju pé ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti sọ "rárá" sí i létí. Ẹni tó bá fi ọ̀pọ̀ ọdún gbọ́ "bẹ́ẹ̀ ni, sà," tí kò gbọ́ nǹkan mìíràn, etí rẹ̀ á di sí ọ̀rọ̀ yòókù ni.

Nínú àwọn tó yí i ká, ẹni tí "bẹ́ẹ̀ ni" yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ jù ni Akọ̀wé rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń tẹ̀ síwájú díẹ̀ bó bá dúró, àfi bí ẹni tí afẹ́fẹ́ ń tì lẹ́yìn. Bí Mínísítà bá sín, Akọ̀wé á ní irú sísín báyìí ṣọ̀wọ́n láwùjọ. Bí Mínísítà bá dákẹ́, Akọ̀wé á yọ bírò, á kọ ìdákẹ́ náà sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, àwọn òṣìṣẹ́ bàálù ìjọba wá rí Mínísítà lórí ọ̀nà tuntun kan. Ìjọba fẹ́ kí bàálù máa gbéra ní olú ìlú, kó má yà síbì kankan, kó lọ balẹ̀ tààrà sí ìlú ńlá kan ní òdìkejì òkun, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè náà ti ń ṣiṣẹ́. Àbúrò Mínísítà lóbìnrin ń gbé níbẹ̀. Ìyá wọn pàápàá ti wà níbẹ̀ láti ọdún tó kọjá, ó lọ bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ìkókó.

"Wákàtí mélòó ni?" Mínísítà bi wọ́n.

Ọ̀gá àwọn awakọ̀ bàálù, àgbàlagbà onírùngbọ̀n funfun kan, ló dáhùn. "Wákàtí méjìlá, sà. Bí afẹ́fẹ́ bá kọjú sí wa, ó lè lé díẹ̀."

"Ta ló wọ̀n ọ́n?"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà?"

"Mo ní ta ló wọ̀n ọ́n."

Kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n ó fọ̀, Mínísítà ti dìde, ó ti lọ síbi máàpù ayé tó gba ògiri kan tán. Ó fi ìka lé olú ìlú orílẹ̀-èdè tó múlé tì wọ́n. "Mo lọ síbí lóṣù tó kọjá. Wákàtí kan ni bàálù gbà. Ẹ wò ó dáadáa: ìka kan ni." Ìka Mínísítà ki pọ́pọ́, ó tó ìka méjì ẹlòmíràn. Ó wá ń gbé ìka náà sókè, ó ń gbé e kalẹ̀, ó gba orí òkun kọjá bí aránṣọ tó ń wọn aṣọ oníbàárà. "Méjì. Mẹ́ta. Mẹ́rin. Márùn-ún." Nígbà tó fi í lélẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹfà, ìlú tí wọ́n ń lọ náà wọlẹ̀ sábẹ́ èékánná rẹ̀ pátápátá. "Ìka mẹ́fà. Wákàtí mẹ́fà. Ìṣirò lásán ni, kò gba àríyànjiyàn."

Ọ̀gá awakọ̀ họ irùngbọ̀n. "Sà, ayé rí roboto. Bí wọ́n bá tẹ́ ẹ sórí bébà..."

"Ṣé ayé ò rí roboto nígbà tí mo lọ sí ìka àkọ́kọ́ ni?"

Mínísítà wá fa ìwé tí wọ́n mú wá lọ́wọ́ wọn, ó rí i pé ọ̀nà tí wọ́n yà sórí rẹ̀ tẹ̀ kọ́rọ́ bí ọrun. "Kí ló dé tí ọ̀nà yín wọ́ báyìí? Kí lẹ̀ ń yà fún lójú òfurufú? Ṣé kòtò wà níbẹ̀ ni?"

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín títí tó fi di ògiri mú. Ó nu ojú, ó kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, nígbà tó sì di ọjọ́ kejì, ìwé ìròyìn ìjọba gbé e síwájú pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà: ṢÉ KÒTÒ WÀ NÍBẸ̀ NI? Àwọn olóòtú kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé láti ìgbà tí wọ́n ti dá bàálù sílẹ̀, kò tíì sẹ́ni tó láyà láti béèrè irú ìbéèrè yẹn. Òótọ́ sì ni.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Mínísítà pe ìpàdé ńlá sí gbọ̀ngàn pápákọ̀ òfurufú. Ó wọ aṣọ ńlá funfun, ó gun orí pèpéle, ó dúró títí tí Akọ̀wé fi pàtẹ́wọ́, kí àwọn yòókù tó mọ̀ pé àsìkò àtẹ́wọ́ ti tó.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ó ní, "kí ni wọ́n ń pè ní jíjìn? Ọ̀lẹ ló bí i, ìbẹ̀rù ló wò ó dàgbà. Àwọn tó ṣíwájú wa sọ pé òkun tóbi. Mo bi yín: ta ló sọ fún wọn? Òkun náà ni. Ǹjẹ́ ẹ rí ẹlẹ́jọ́ tí í rojọ́ kó má gbè sẹ́yìn ara rẹ̀? Láti òní lọ, mo pa á láṣẹ kí òdìkejì súnmọ́ ìhín. Wákàtí mẹ́fà. Kò gbọdọ̀ lé."

Àwọn tó jókòó níwájú pàtẹ́wọ́ torí pé Mínísítà ń wò wọ́n. Àwọn tó wà lẹ́yìn pàtẹ́wọ́ torí pé àwọn tiwájú ń pàtẹ́wọ́. Òkun nìkan ni wọn ò pè síbi ìpàdé.

Àṣẹ tó tẹ̀ lé e kò gùn. Òṣìṣẹ́ pápákọ̀ tó bá dárúkọ wákàtí mìíràn yàtọ̀ sí mẹ́fà, kó kó ẹrù rẹ̀ kó máa lọ ilé. Oúnjẹ wákàtí mẹ́fà ni kí wọ́n máa gbé sínú bàálù. Bàálù tí kò bá sì balẹ̀ ní agogo tí wọ́n kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n kà á sí bàálù tó sọnù, kí ẹnikẹ́ni má gbé àtẹ̀gùn lọ bá a, torí a kì í gbé àtẹ̀gùn fún ohun tí kò sí. Ó kọ èyí tó kẹ́yìn yìí kí jìnnìjìnnì lè bo àwọn awakọ̀. Ó sì bò wọ́n.

Epo nìkan ni Ọ̀gá awakọ̀ kò fi ṣeré. Kò jiyàn, kò rojọ́. Ó bu epo tó yẹ kó bù, ó wá ní kí wọ́n kọ ọ́ pé ìdajì rẹ̀ ni ti ìrìnàjò, ìdajì yòókù jẹ́ epo àyẹ́sí fún Ọlọ́lá Jùlọ. Mínísítà fọwọ́ sí i tayọ̀tayọ̀. Ó tilẹ̀ béèrè bóyá àyẹ́sí náà ò kéré jù.

Nígbà tí ọjọ́ ìrìn àkọ́kọ́ pé, agogo mẹ́fà àárọ̀ ni bàálù gbéra, Mínísítà jókòó níwájú níwájú. Akọ̀wé kò bá a lọ, ó ní òun fẹ́ ṣọ́ ọ́fíìsì. Ṣùgbọ́n kó tó sọ̀kalẹ̀, ó fún ọ̀gá rẹ̀ ní oògùn oorun méjì, ó fa aṣọ ojú fèrèsé bò, ó ní orí tó ń ro ire ìlú gbọ́dọ̀ sinmi. Táyà ò tíì kúrò nílẹ̀ tí Mínísítà fi ń hanrun.

Ó sùn. Lẹ́yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún, ojú àwọn èrò ń rí màbo. Nígbà tí oúnjẹ tán, bàbá kan béèrè ìgbà tí wọ́n ó dé. Omidan tó ń tọ́jú èrò wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rọra ní, "Ní ti òfin, Bàbá, a ti dé."

"Kí wá ni mò ń rí nísàlẹ̀ yìí?"

"Òkun ni, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́."

Ìgbà tí táyà kanlẹ̀ ni Mínísítà lajú. Ó wọ inú pápákọ̀ àjèjì náà, ó gbójú sókè, aago ńlá ara ògiri sì ń sọ pé ọ̀sán gangan ni, agogo méjìlá. Ó dúró, ó yíjú sí àwọn tó bá a rìn. "Láti mẹ́fà àárọ̀ sí méjìlá ọ̀sán. Ẹ bá mi kà á."

Ebi ti pa wọ́n débi pé ojú wọn ń ṣú, ṣùgbọ́n wọ́n kà á. Mẹ́fà ni.

Mínísítà wá bojú wo aago ọwọ́ ara rẹ̀. Agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ló wà lójú tiẹ̀. Ó mi orí. "Aago yìí ti sáré nínú òfurufú." Ó sì yí i padà sẹ́yìn. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń bá mi bọ̀, nínú gbogbo ohun tó sún mọ́ ọkùnrin yìí, aago yẹn nìkan ló kù tó ń sọ òótọ́ fún un, òun náà ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí i lẹ́nu padà.

Ó pe ìyàwó rẹ̀ nílé.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, olówó orí mi," ìyàwó ní. "Ọkàn mi ò balẹ̀ látàárọ̀. Ẹ ti dé?"

"Ìrọ̀lẹ́ kẹ̀? Ọ̀sán gangan nìyí. Àbí o sùn ni?"

Ìyàwó wojú fèrèsé. Oòrùn ti ń wọ̀, àwọn aládùúgbò ń ká aṣọ tí wọ́n sá. Ó pẹ́ tí wọ́n ti fẹ́ra wọn, ó mọ ìjà tó yẹ ní jíjà àti èyí tí kò yẹ. "Ó dáa," ó ní. "Ẹ káàsán."

Ìròyìn pé wákàtí mẹ́fà ni bàálù fò mì gbogbo ilé tìtì. Olórí Ìjọba, ẹni tí kì í fẹ́ dúró de ohunkóhun, ì báà jẹ́ omi tíì, fúnra rẹ̀ gbé fóònù. Igbákejì rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì ni, àga sì ṣófo. "Irú ènìyàn tí mò ń wá nìwọ," ó ní. "Agogo mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé ni ìbúra. Èmi ò ní í dúró de ẹnikẹ́ni. Ṣé wàá ti dé?"

"Sà," Mínísítà ní, "màá gbéra níbí ní méjìlá òru, màá balẹ̀ ní mẹ́fà àárọ̀, màá wẹ̀, màá jẹun, màá sì tún ní àyè láti dúró dè yín."

Nígbà tí Akọ̀wé gbọ́ ètò náà, ẹ̀rù bà á. Ó ní, "Ọ̀gá mi, ẹ ò ṣe gbéra ní ọjọ́ kan ṣáájú, kí ara lè balẹ̀?"

"Ṣé o fẹ́ sọ pé ó jìnnà ni?"

"Ẹnu mi ò ní í sọ bẹ́ẹ̀, sà. Ìsinmi ni mo ní."

"Ènìyàn ò ní í ti ìka mẹ́fà dé kó máa rojọ́ àárẹ̀."

Akọ̀wé gbé fóònù kalẹ̀, ó jókòó, ó ronú díẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó wẹ̀, ó para, ó lọ kí Mínísítà ọkọ̀ ojú irin nílé. Ó ní òun kàn ní kí òun wá béèrè àlàáfíà.

Ní òdìkejì òkun, àbúrò Mínísítà ń di ẹrù ìyá wọn, torí pé màmá fẹ́ bá ọmọ rẹ̀ padà sílé. "Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ẹ jẹ́ kí Màmá mú oògùn ẹsẹ̀ wọn dání sínú bàálù, àti búrẹ́dì díẹ̀."

"Fún wákàtí mẹ́fà? Fi oògùn sínú àpótí, kí àpótí lọ sísàlẹ̀ ọkọ̀. Kò yẹ kí ìyá Igbákejì Olórí Ìjọba máa gbé àpò ọ̀rá kiri."

Màmá wò ó. "Nígbà tí mò ń bọ̀ níbí, mo sùn, mo jí. Mo tún sùn, mo tún jí. Ojú ọ̀run náà la ṣì wà."

"Bàálù àtijọ́ nìyẹn, Ìyá."

Màmá ò bá a fà á mọ́. Méjìlá òru lù, wọ́n de bẹ́líìtì, bàálù sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí táyà.

Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀ díẹ̀ ká wá wo ilé. Ìlú òdìkejì yẹn, ilẹ̀ kì í tètè mọ́ níbẹ̀ bíi tilé. Bó bá jẹ́ méjìlá òru lọ́dọ̀ wọn, agogo mẹ́fà àárọ̀ ti lù nílé. Ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Mínísítà náà mọ̀ ọ́n nígbà kan rí, ó wà nínú ọ̀kan lára àwọn ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń nù láràárọ̀ yẹn. Nítorí náà, ìgbà tí táyà bàálù ń yí lọ́hùn-ún gan-an ni aago pápákọ̀ nílé lu mẹ́fà, tí àwọn onífèrè ti gbé fèrè sẹ́nu, tí wọ́n ti tẹ́ rọ́ọ̀gì pupa sílẹ̀. Gbogbo wọn gbójú sókè. Ẹyẹ kan ṣoṣo ló kọjá.

Ọ̀gá pápákọ̀ yọ àṣẹ Mínísítà jáde, ó kà á, ó tún un kà. Agogo mẹ́fà ló wà lára tíkẹ́ẹ̀tì. Ó mọ ibi tí bàálù wà bó ṣe mọ ibi tí ibùsùn rẹ̀ wà nílé, ṣùgbọ́n kó tó lè ṣàlàyé, ó di dandan kó la ẹnu sọ "méjìlá," àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà nílé ìwé tí wọ́n ń sanwó. Ó gbé fóònù, ó bá wọn kà á bí Mínísítà ṣe kọ ọ́. Bí ìjọba ṣe kéde nìyẹn pé bàálù tí kò tíì fẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀ ti sọnù, tòun ti gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀.

Ìyàwó Mínísítà gbọ́ ọ lórí rédíò. Ago tó mú dání já bọ́. Ó pe Ọ̀gá pápákọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, òótọ́ ni? Ọkọ mi ńkọ́? Ìyá wa ńkọ́?"

Ọkùnrin náà rẹ ohùn sílẹ̀. "Mọ̀mí," ó ní, "ẹ gbọ́ mi dáadáa. Èmi ò lè sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì sunkún."

"Kí ló túmọ̀ sí?"

"Ẹ máa bọ̀ ní pápákọ̀ nírọ̀lẹ́. Ẹ sì gbé oúnjẹ dání. Ebi á ti pa wọ́n gan-an."

Ìyàwó nu ojú, ó wọ ilé ìdáná, ó gbé ìrẹsì kaná.

Nígbà tó di agogo mẹ́wàá, Olórí Ìjọba ní kí gbogbo ènìyàn dìde, kí wọ́n dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan nítorí olóògbé. Kò tó ìdajì ìṣẹ́jú tó fi jókòó, torí kì í fẹ́ dúró de ohunkóhun. "Ta ló wà nílẹ̀?" ó béèrè. Mínísítà ọkọ̀ ojú irin wà nílẹ̀. Láti ìdájí ló ti jókòó síbẹ̀, nítorí pé ẹni tó ń ṣàkóso reluwé mọ̀ pé kí ènìyàn tètè jáde nílé ni. Akọ̀wé ti fi áńkáṣíìfù nu àga rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì. Wọ́n búra wọlé fún un, àwọn onífèrè tó padà ti pápákọ̀ dé fun fèrè tí wọ́n ti pèsè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ohùn fèrè náà ò yí padà rárá.

Lókè òkun, Mínísítà ò rí oorun sùn. Akọ̀wé tó ni oògùn oorun ò sí níbẹ̀. Ó ń ka ìbúra lábẹ́lẹ̀, ó ń dán ohùn wò. Kò pẹ́ tí ojú ọ̀run fi là, ó sì fọwọ́ kan ìyá rẹ̀. "Ẹ rí i, Ìyá? Ilẹ̀ ti mọ́. A ti ń dé."

Màmá wo ìsàlẹ̀. "Omi ni mò ń rí."

Oòrùn gòkè. Ó mú. Aago ọwọ́ Mínísítà, èyí tó ti yí padà, lọ bọ́ sórí mẹ́fà wẹ́kú. Ó dìde, ó tún aṣọ ṣe, ó dúró kí bàálù máa sọ̀kalẹ̀. Bàálù ò sọ̀kalẹ̀. Àwọn èrò ń wò ó. Ó jókòó. Ó tún dìde. Nígbà tí ó sú u, ó ní kí wọ́n pe Ọ̀gá awakọ̀ wá.

"Ṣé a ti dé?"

"Ní ti òfin, sà, a ti dé."

"Ní ti ibi tí a wà ńkọ́?"

"Àárín òkun, sà." Ojú Ọ̀gá awakọ̀ ò rẹ́rìn-ín. "Ó ku ìka mẹ́ta."

"Sáré sí i."

"Bó ṣe máa ń sáré náà nìyí, sà. Àyẹ́sí yín la sì ń jó lọ báyìí."

Oúnjẹ ti tán. Àwọn ọmọdé ń ké. Ẹsẹ̀ Màmá ti wú débi pé bàtà ò wọ̀ ọ́ mọ́, oògùn rẹ̀ sì wà nínú àpótí nísàlẹ̀ ọkọ̀, níbi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò lè tó. Ó ń fi ọwọ́ ra orúnkún, kò pariwo.

"Ta ló sọ fún ọ pé wákàtí mẹ́fà ni?" ó béèrè.

"Èmi fúnra mi ni mo wọ̀n ọ́n, Ìyá."

"Kí lo fi wọ̀n ọ́n?"

Mínísítà rọra ki ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ.

Màmá mí kanlẹ̀. "Nígbà tí o wà ní kékeré, bí o bá ṣubú, wàá ní ilẹ̀ ló gbá ọ. Èmi á bẹ̀rẹ̀, màá na ilẹ̀ náà fún ọ, kí o lè dákẹ́. Ẹkún rẹ ni mi ò fẹ́ gbọ́." Ó wo òkun. "Ilẹ̀ tí mo nà lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, kò ṣe nǹkan kan."

Mínísítà sọ̀kalẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀ tòun ti aṣọ ńlá funfun, ó gbé ẹsẹ̀ tó wú náà lé itan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ rà á. Àwọn èrò mójú kúrò. Bó ṣe jókòó títí oòrùn fi ń lọ sílé nìyẹn.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n balẹ̀. Kò sí fèrè, kò sí rọ́ọ̀gì. Wọ́n ṣílẹ̀kùn bàálù, kò sí àtẹ̀gùn. Ọ̀gá pápákọ̀ nìkan ló dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ bíi mélòó kan, bébà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ gbé àtẹ̀gùn wá," Mínísítà ní látòkè.

"Ẹ má bínú, sà. Bàálù yìí ti sọnù."

"Èmi tí mò ń bá ọ sọ̀rọ̀ ńkọ́?"

"Ẹ̀yin náà wà lára rẹ̀, sà."

"Mo pa òfin náà rẹ́. Èmi Mínísítà ni mo pa á rẹ́."

"Mínísítà ti ṣaláìsí láti àárọ̀, sà. Wọ́n ti dákẹ́ fún wọn. Mọ́ńdè ni wọ́n ó yan òmíràn, òun nìkan ló lè pa á rẹ́."

Mínísítà bi í nípa ìbúra. Ọ̀gá pápákọ̀ sọ fún un. Ó bi í nípa Akọ̀wé. Ọ̀gá pápákọ̀ sọ ìyẹn náà fún un, ó sì wo bàtà ara rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Inú bí Mínísítà débi tó fi ní òun ń bọ̀ wá fi ojú rí i. Ọ̀gá awakọ̀ ní bó bá jẹ́ dandan, rọ́bà tí wọ́n fi ń yọ̀ sọ̀kalẹ̀ nígbà ewu wà. Wọ́n tú rọ́bà náà sílẹ̀. Ọlọ́lá Jùlọ jókòó sí i lẹ́nu, ó di aṣọ mú, ó yọ̀ bọ́ọ́lẹ̀ lójú gbogbo èrò. Aṣọ funfun náà ká dé ọrùn, bàtà kan ṣẹ́kù sókè. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, ebi ń pa wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbà yẹn ni ìyàwó rẹ̀ dé láti ibi tí wọ́n dá a dúró sí, ó gbé abọ́ ìrẹsì dání. Ó wo ọkọ rẹ̀ láti òkè délẹ̀, ó rí i pé kò fi ibì kankan ṣèṣe. Ó yíjú sí Ọ̀gá pápákọ̀.

"Ìyá wa wà lókè yẹn," ó ní. "Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n."

Ọ̀gá pápákọ̀ wo bébà, ó ká a, ó fi sápò. Ó ju ọwọ́ sí àwọn òṣìṣẹ́. Àtẹ̀gùn tí ó ń dúró de òfin láti ìgbà náà wá, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta tó fi dé ẹnu ilẹ̀kùn. Màmá sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, Ọ̀gá awakọ̀ di apá rẹ̀ mú, gbogbo èrò tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ó kọjá lára ọmọ rẹ̀ tó ṣì jókòó nílẹ̀, ó na bàtà tó ṣẹ́kù sókè sí i.

"Gbà," ó ní. "Dìde, ká máa lọ."

Mọ́tò ìjọba ti lọ gbé Igbákejì tuntun, nítorí náà, mọ́tò kékeré ìyàwó ni wọ́n wọ̀. Nílé, àwọn ará ọ́fíìsì ti wá ní ọ̀sán, wọ́n ti kó ohun tó jẹ́ ti ìjọba. Níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù wà lára ògiri, ihò ńlá kan ló kù, èèyàn lè ti ibẹ̀ rí ọgbà àwọn aládùúgbò. Wọ́n gbé Màmá jókòó, wọ́n fi ìrọ̀rí sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó lo oògùn, ó jẹ ìrẹsì.

Rédíò wà lórí tábìlì. Ìyàwó tàn án láti gbọ́ bóyá wọ́n ti tún ìròyìn ṣe. Ohùn Akọ̀wé ni wọ́n bá níbẹ̀.

"...igi ńlá ti wó nínú igbó wa. Ọkùnrin tó fi ìka wọn ayé, tí ayé sì kéré. Ta ni a ó tún rí tí yóò bi òfurufú ní ìbéèrè?"

"Ẹ wo irọ́," ìyàwó ní. Ó gbé fóònù. "Mo ní nọ́ńbà ilé iṣẹ́ rédíò yìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún wọn pé ẹ wà láàyè."

Ọkọ rẹ̀ na ọwọ́ sí i. "Dúró ná."

"Kí ni mo fẹ́ dúró dè?"

"Dúró díẹ̀. Gbé ohùn rẹ̀ sókè sí i." Ó ti fa àga rẹ̀ súnmọ́ rédíò. Ìdọ̀tí pápákọ̀ wà lẹ́yìn aṣọ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń dán.

Màmá ń wò ó láti orí àga. "Ìyàwó mi, ẹ pè wọ́n."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́," ó ní, kò yíjú. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n parí rẹ̀."

"...ohùn rẹ̀ dà bí agogo," Akọ̀wé ń bá a lọ, "ìrìn rẹ̀ dà bíi ti ọba. Àmọ́ Ẹlẹ́dàá kì í mú ọ̀kan lọ kó má fi èyí tó dára jù dípò. Ẹ jẹ́ ká wo Igbákejì wa tuntun, ẹni tí sùúrù rẹ̀..."

Ìyókù jẹ́ ti Igbákejì tuntun. Ó gùn díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni obìnrin kan wá sọ pé òjò yóò rọ̀ lọ́la ní apá àríwá, kí àwọn tó ń sáṣọ kíyè sára. Mínísítà ò kúrò nídìí rédíò. Ó tẹ etí sí i, ó gbé ọwọ́ sókè kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀, ó ń retí kí wọ́n padà sórí ọ̀rọ̀ tirẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ gbé fóònù kalẹ̀, ó lọ gbé omi kaná fún ẹsẹ̀ Màmá.